Irin Tó Mọ Bí Òun Ṣe Gbóná Tó

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò àti fóònù ṣe pè mí lórí fóònù pé kí n wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí, mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní, "Bàbá, lórí téṣàn ni." Ìyàwó mi tó jókòó tì mí gbọ́ téṣàn, ó dìde dúró. "Ta ni wọ́n tì mọ́lé?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà pé téṣàn tí à ń wí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ti rélùwéè. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ni, irú èyí tó ní àpótí tirẹ̀, tó ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà. Ọ̀kan rèé lórí tábìlì níwájú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó láti inú kíìtì. Mo ti tàn án kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ báyìí sì ni 320. Mo gbé e sórí ìdúró rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí n óò fi parí. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọdún 1983 ni mo wọṣẹ́ rédíò ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Áyọ́ọ̀nù ọ̀gá mi kò ní wáyà. Bàbà ni orí rẹ̀, ó tóbi tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọrùn rẹ̀, igi ni èèkù rẹ̀. Inú eédú la máa ń kì í bọ̀. Èmi ọmọ iṣẹ́ ni mo ń fẹ́ná. Bí orí bàbà náà bá ti gbóná, ọ̀gá á fà á yọ, á sún un mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò ní fi kàn án o, á kàn jẹ́ kí ooru rẹ̀ fẹ́ sí òun lára. Á ní, "Kò tíì tó, dá a padà." Tàbí kí ó ní, "Ó ti kọjá, jẹ́ kó mí." Ní gbogbo òwúrọ̀, èmi náà ni mo ń fi fáìlì ha orí bàbà yẹn títí tí yóò fi pọ́n yòò, n óò fi péèsì pa á, n óò fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ bò ó lẹ́nu kí dúdú má baà tún gbà á. Ẹ rántí fáìlì yẹn, a ó tún padà bá a.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi ni mo ń bá bọ̀. Eédú mọ bí a ṣe ń gbóná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mọ ìgbà tó tó. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù oníwáyà dé ọ̀dọ̀ wa, inú wa dùn, a kó eédú dànù. A ò mọ̀ pé a ti kó ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dànù pẹ̀lú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 60 tí a ń kì bọ ògiri kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí iná bá ti wọ inú rẹ̀, ó ń gbóná lọ ni, títí ooru tó ń sá kúrò lára rẹ̀ yóò fi bá èyí tó ń wọlé dọ́gba. Bí iná nẹ́pà bá rẹlẹ̀, kò ní yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá ga, ó lè kọjá dígírì 400 lórí ìdúró níbi tí kò ti ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ wá gbé e kan ibi tí irin ti pọ̀, ooru rẹ̀ á wálẹ̀ lójijì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kó tara sí i. Nígbà tí a kò nílò ooru, ó pọ̀ jù. Nígbà tí a nílò rẹ̀, kò tó. Ogún ọdún ó lé ni mo fi bá a jà, tí mo sì ń pe ìjà náà ní ìlọsíwájú.

Kí ni ìwọ̀n tí à ń wá gan-an? Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ 63/37 sí lára, ìdá 63 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ tíìnì, irú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Jos. Ìdá 37 tó kù jẹ́ òjé. Ní dígírì 183 nínú òǹkà Celsius, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń yọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń dì. Ti 60/40 yàtọ̀ díẹ̀. Láti 183 ló ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n ó di bíi 190 kó tó ṣàn tán. Láàárín méjèèjì, ó ń ṣe bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò tíì dì. Bí ọwọ́ bá mì lásìkò yẹn, ibi tí o jó á rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, lọ́la ni oníbàárà á gbé rédíò rẹ̀ padà wá pé ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́. Lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé nínú, dígírì 217 sí 220 ló ń yọ́. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí ẹ ń tú, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006 ni àwọn ìlú European Union ti fòfin dín òjé kù nínú ẹ̀rọ tuntun, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún gbogbo ayé sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹnìkan á ní, bó bá jẹ́ 183 ló ń yọ́, kí ló dé tí tèmi yìí fi wà ní 320? Nítorí pé kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì nìkan la fẹ́ mú gbóná. Ẹsẹ̀ ẹ̀yà náà àti bàbà orí pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gbóná ju ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti ń yọ́ lọ, kíákíá, kí áyọ́ọ̀nù sì kúrò níbẹ̀ kíákíá. Bàbà tín-ín-rín yẹn, gọ́ọ̀mù ló dì í mọ́lẹ̀. Bí ooru bá pẹ́ lórí rẹ̀ tàbí tó pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù á kú, bàbà á ká kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín yìí, mo mọ̀ pé ẹ ti rí i.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà dá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi padà pọ̀, àmọ́ èyí tó wù mí jù ni ti ilé iṣẹ́ Weller ní Amẹ́ríkà, nítorí pé kò sí áísì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹyọ irin kékeré kan sí ìdí ẹnu áyọ́ọ̀nù, irú irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà. Irin bẹ́ẹ̀ ní ìwà kan: bó bá gbóná dé ìwọ̀n kan, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lè fà á mọ́. Wọ́n wá fi mágínẹ́ẹ̀tì sínú èèkù, wọ́n so ó mọ́ súìṣì. Bí ẹnu bá tutù, mágínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ irin náà, iná á wọlé. Bó bá gbóná tó, mágínẹ́ẹ̀tì á já, iná á kú. Nọ́ńbà 7 tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹnu kan túmọ̀ sí 700 nínú òǹkà Fahrenheit, ìyẹn bíi 370 nínú Celsius. Ẹni tó bá fẹ́ ìgbóná mìíràn á ra ẹnu mìíràn. Mo ti di ọ̀kan mú rí. Ó ń ṣe "kọ́, kọ́" lọ́wọ́ ẹni, bí ẹni pé nǹkan kan wà láàyè nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ti pẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1821, Thomas Johann Seebeck so irin oríṣi méjì pọ̀ ní orí méjèèjì ní Berlin, ó mú orí kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí sì yí. Òun fúnra rẹ̀ rò pé ìwà mágínẹ́ẹ̀tì ni òun rí. Iná ló rí. Irin méjì tí kò bá ara wọn mu, tí a jó pọ̀, á bí iná kékeré nígbà tí orí kan bá gbóná ju èkejì lọ. Ohun tí à ń pè ní tamọkọ́pù lónìí nìyẹn, òun sì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú téṣàn tó wà níwájú yín.

Ilé iṣẹ́ Hakko ti Osaka ní Jàpáànù ló ṣe irú ẹnu tí wọ́n ń pè ní T12. Kíìtì tí mo tò kì í ṣe tiwọn, Ṣáínà ni wọ́n ti kó o wá, ṣùgbọ́n ẹnu T12 ni wọ́n ṣe é fún. Ọgbọ́n inú ẹnu yìí dùn mọ́ mi débi pé mo tú ọ̀kan tó ti kú wò. Wáyà tó ń gbóná àti tamọkọ́pù tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibi tí iná ń gbà wọlé lọ mú ẹnu gbóná, ibẹ̀ náà ni ìròyìn ìgbóná ń gbà jáde. Ẹ fojú inú wo afárá onígi kan lórí odò: ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ kò lè pàdé lórí rẹ̀. Nítorí náà ni téṣàn fi ń pa iná rẹ̀, á dúró díẹ̀ kí omi tòrò, á fetí sílẹ̀, á gbọ́ bí ẹnu ṣe gbóná tó, á tún tanná. Lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ohùn tí ó ń fetí sí náà kò ròkè rárá. Ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún fóótì (volt) kan ni. Ampilifáyà kékeré kan ló ń sọ ọ́ di ńlá, áísì tó jẹ́ ọpọlọ á fi wé nọ́ńbà tí o yàn, á wá pinnu bí iná yóò ti pẹ́ tó nígbà tó bá tún tàn án. Kì í sì í dúró kó dé 320 kó tó dín in kù. Ẹ wo ìyá alákàrà. Kò jẹ́ dúró kí epo rú èéfín kó tó fa igi jáde. Ó ti mọ bí epo ti ń gbóná lọ, ó mọ̀ pé igi tó ń jó lọ́wọ́ ṣì ní ooru tí yóò fi sílẹ̀, ó ti fa ọ̀kan jáde kí epo tó dé ibi tó fẹ́. Nígbà tó bá da àkàrà púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí epo tó tutù ló ti ti igi padà. Ohun tí ọpọlọ téṣàn ń ṣe nìyẹn, òun tí kò jẹ àkàrà rí.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tamọkọ́pù kò mọ bí òun ṣe gbóná. Ó mọ bí orí òun ṣe fi gbóná ju ìdí òun lọ ni. Ìdí rẹ̀ wà nínú èèkù, lọ́wọ́ yín. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, èèkù lè wà ní dígírì 20; ní ọ̀sán, lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjì, ó lè ti di 40. Bí téṣàn kò bá mọ ìyẹn, nọ́ńbà tó ń kọ á fi 20 ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí kíìtì tó dára fi máa ń ní ẹ̀yà bíńtín kan nínú èèkù tó ń wọn ìgbóná ibẹ̀. Ẹlòmíràn á rò pé ẹ̀yà náà kò wúlò, á fi í sílẹ̀ nígbà tó ń tò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú kíìtì sórí tábìlì. Àpótí alumíníọ̀mù kan wà, wọ́n ti lu ihò sí i níwájú àti lẹ́yìn. Pánẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń sọ iná ògiri di fóótì 24. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré mìíràn ni ọpọlọ, pẹ̀lú ojú dúdú àti kọ́óbù tí a ń yí, tí a tún lè tẹ̀. Ihò iná, súìṣì àti fíùsì wà. Èèkù wà ní wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá. Wáyà kan wà tó rọ̀ nìgbìnnìgbìn, tí áyọ́ọ̀nù kì í tètè jó. Ẹnu T12 kan tàbí méjì wà. Ìwé ìtọ́sọ́nà kò sí. Bó bá wà, ẹ ò ní lè kà á. Tèmi, èdè Ṣáínà ló fi kí mi lójú nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, mo sì ń yí kọ́óbù kiri bí afọ́jú kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń yí èdè padà. Iye owó rẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kí n tó délé lónìí, á ti yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ to áyọ́ọ̀nù yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní áyọ́ọ̀nù. Ọmọ iṣẹ́ kan bi mí pé ṣé àwàdà kọ́ nìyẹn. Mo ní kó lọ bi alágbẹ̀dẹ pé kí ni wọ́n fi rọ owú tirẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 60 tí mo ti ń bú láti ẹ̀ẹ̀kan, òun ni mo fi jó téṣàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí téṣàn bá kú lọ́la, òun náà ni yóò jí i.

Ẹ gbọ́ ìṣirò kékeré kan. Wáyà tó ń gbóná nínú T12 jẹ́ bí óòmù 8. Fóótì 24 lórí óòmù 8, áńpù 3 ni. 24 lọ́nà 3, wáàtì 72. Ẹni tó bá ti dé Computer Village n'Ìkẹjà mọ̀ pé ṣájà láptọ́ọ̀pù àlòkù pọ̀ níbẹ̀ bí yanrìn. Fóótì 19 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fúnni, ìyẹn á jẹ́ bíi wáàtì 45. Ó tó fún fóònù, kò tó fún ìdí ampilifáyà ńlá. Fóótì 12 ti bátìrì mọ́tò, wáàtì 18 péré. Fóótì já sí ìdajì, wáàtì já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ló ń sọ pé kíìtì tí òun rà kò lágbára, nígbà tó jẹ́ pé ebi ló ń pa á.

Mo sì fẹ́ sọ tinú mi fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ lo ṣájà láptọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ná, kí ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì iná tó ṣí sílẹ̀ yẹn sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́. Kapásítọ̀ ńlá tó wà lórí rẹ̀ ń gba iná tó tó fóótì 325, nítorí pé ibẹ̀ ni góńgó iná 230 ti ògiri ń dé. Bí ẹ bá yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ṣì lè wà níbẹ̀, kò ní pariwo, kò ní tàn. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kódà bó bá jẹ́ ẹni tó tò ó ló ní kò sí nǹkan kan.

Èmi náà jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tò ó, mo yára, mi ò so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù gbóná, nọ́ńbà pé, inú mi dùn. Mo gbé e kan pánẹ́ẹ̀lì rédíò kan, mo fi ọwọ́ kejì di ìdí rédíò náà mú, nǹkan kan sì ń ta mí wìnnìwìnnì bí èèrà. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mo gbé mítà, mo wọn ẹnu áyọ́ọ̀nù sí wáyà ilẹ̀: ó lé ní fóótì 100. Kí ló fà á? Nínú pánẹ́ẹ̀lì iná, kapásítọ̀ kékeré kan wà tó so ẹ̀gbẹ́ iná ògiri mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóótì 24, kí ariwo iná má baà máa da rédíò láàmú. Bí ẹ̀gbẹ́ 24 kò bá kan ilẹ̀, á máa léfòó sí bí ìdajì iná ògiri. Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá kéré gan-an, kò lè pa ènìyàn. Ó lè pa áísì fóònù láìrú èéfín, ẹ ó sì máa sọ fún oníbàárà pé fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó gbé e wá.

Wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àpótí, kó kan ara ẹnu T12. Ẹ fi mítà wọ̀n láti orí ẹnu dé ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò yẹ kó ju óòmù 2 lọ. Nígbà tí ẹ bá ṣe èyí tán, ẹ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù yín. Ọ̀pọ̀ ihò kẹta tó wà lára ògiri wa, oge lásán ni, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe oníná kó ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù á bínú.

Èèkù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Àwọn òrùka irin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tó ń di ìdí T12 mú, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún ìdí iná, ọ̀kan fún ilẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ kan ara wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ lọ́. Ẹ̀yà bíńtín kan tún wà níbẹ̀ tó dà bí kapásítọ̀ kékeré, bọ́ọ̀lù irin wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí èèkù bá ti mì. Bí kò bá mì fún ìṣẹ́jú tí ẹ yàn, téṣàn á gbà pé ẹ ti lọ jẹun, á sọ ìgbóná kalẹ̀, á sùn. Ẹnu rẹ̀ á pẹ́ láyé. Bọ́ọ̀lù yẹn kò wọ́n, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo kíìtì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tèmi ṣàdédé ń kọ lójú pé kò sí ẹnu níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú rẹ̀ tí wọ́n tò fún un láti ilé iṣẹ́. Ohun kan náà ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e sí abẹ́ tábìlì di òní. Èmi kò wo àpótí rárá. Mo mọ̀ pé bí ìròyìn kò bá dé, afárá ló já, mo sì mọ ibi tí afárá wà nítorí pé ọwọ́ mi ló tò ó. Mo tú èèkù, mo rí òrùka kan tó ti dúdú. Mo fi rọ́bà ìnùwé nù ún. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nísinsìnyí, fáìlì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ dáadáa ni o, rí i pé ẹnu T12 tuntun ti dúdú. Ó rántí ohun tí mo ti sọ fún un nípa ọ̀gá mi àti orí bàbà, ó mú fáìlì, ó ha á títí tó fi pọ́n yòò, ó gbé e wá fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mi ò lè bínú, èmi ni mo kọ́ ọ. Bàbà ni inú T12 lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíìnì inú lẹ́ẹ̀dì a máa jẹ bàbà bí omi ti ń jẹ iyọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi irin bò ó lára, irin tín-ín-rín. Fáìlì á ha á tán ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ihò á wà lẹ́nu rẹ̀. Irun bàbà wínníwínní tí a fi ń nu ìkòkò ni kí ẹ fi nù ún, tàbí kànìnkànìn tó tutù díẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì bò ó lẹ́nu kí ẹ tó pa iná lálẹ́. Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń bò ó lẹ́nu yẹn kò yí padà láti ayé eédú.

Nípa irú ẹnu, ẹnu tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń rà, nítorí pé ẹ̀yà fóònù kéré. Àṣìṣe ni. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kì í lè gbé ooru púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá gbé nọ́ńbà lọ sí 420 kó lè ṣiṣẹ́, ẹnu á sì jóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. K tó dà bí ọ̀bẹ àti D24 tó fẹ̀ ní mìlímítà 2.4 ló wà lọ́wọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo sì ń fi wọ́n jó ohun tó kéré ju ẹ̀wà lọ ní 320.

Ó kan ọ̀rọ̀ nẹ́pà tó ń mú iná lọ. Ohun tó wù mí lára kíìtì yìí ni pé ọpọlọ rẹ̀ kò mọ ibi tí fóótì 24 ti wá. Bátìrì méjì oní-12 tí a so tẹ̀lé ara wọn, irú èyí tí ẹ fi ń gba iná oòrùn, á gbé e láìsí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí oòrùn bá ń rọ iná sí bátìrì náà lọ́wọ́, fóótì rẹ̀ lè kọjá 28, ọ̀pọ̀ ọpọlọ kíìtì kò sì lè gba ìyẹn. Mo ti rí ọ̀kan tó jóná lọ́sàn-án gangan nítorí èyí.

Ọ̀rọ̀ èéfín kù. Ẹ̀rù òjé inú èéfín ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òjé kì í di èéfín ní 320, ó di bíi 1749 kó tó hó. Èéfín tí ẹ ń rí, ti péèsì àti oje igi ni, àyà ló ń bá jà, ó sì lè fa ikọ́ fée. Ẹ fi fáànù kékeré fà á lọ sójú fèrèsé. Ọwọ́ ni òjé ń gbà wọ ara, láti ọwọ́ dé ẹnu. Ẹ rántí àwọn ọmọdé tí òjé inú eruku pa ní Zamfara ní ọdún 2010. Ibi ìwakùsà wúrà ni tiwọn ti wá, àmọ́ òjé kan náà ni. Ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì, tó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà lórí tábìlì kan náà, kó dìde lọ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín wá bá yín ṣeré níbẹ̀.

Alága ìjókòó yìí ń wo aago, mo sì ti rí i. Ẹ wo orí tábìlì báyìí. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi bọ́ọ̀lù inú èèkù yẹn sí, mo sì ti sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 320 ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti sùn. Ọmọ iṣẹ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, máa bọ̀. Di èèkù mú, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Gbé e. Ẹ wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè.